Àǹtí Ọmọ Ọdún Mẹ́rìndínlógún

Ọba tó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń gbé oyè nílẹ̀ yìí, kó wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún ni, àmọ́ kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn àfi tó bá pè é ní Àǹtí. Á na ọrùn, á dákẹ́, títí wàá fi rántí.

Nílé wọn ní Ìṣẹ́, "Ìwọ yìí" ni wọ́n ń pè é, ló bá sá lọ sí Ìkẹ́rẹ́. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà lẹ́yìn gáréèjì níbẹ̀ tí wọn kò kọ́ parí. Àwọn iwin ló ń gbé inú rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé a kì í dá ohùn tí a kò rí ojú ẹni tó ni ín lóhùn. Wọ́n pè é ní Àǹtí láti ojú fèrèsé, ó dáhùn, ó sì wọlé.

Lọ́sàn-án ni mo bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ra búrẹ́dì fún wọn. Òjìji rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀. Àwọn àgbà ní tó bá tán, kò ní lè padà sílé mọ́.

"Jọ̀ọ́, jẹ́ ká lọ ulé. Ìyá rẹ ò jẹun láti àná."

"Ọ́ńkù, tí a bá délé, ṣé ẹ ó máa pè mí ní Àǹtí?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. "Ìwọ yìí?"

Ó yíjú padà, ó wọlé lọ. Bí mo ṣe dúró síbẹ̀, ohùn kan pè láti ojú fèrèsé: "Purofẹ́sọ̀!" N kò rí ẹnì kankan, olùkọ́ kékeré lásán sì ni mí ní yunifásítì.

Èmi náà dáhùn.