Ṣíbí Tó Yọ Eyín Ọmọ Mi

Irọ́ mẹ́ta ni mo pa fún ọmọ yunifásítì yẹn kó tó mu omi tí mo gbé fún un tán.

Ó wá sílé wa ní Lotto, ní Mowe. Ìwádìí ló ń ṣe lórí ohun tí àwọn ìyá máa ń ṣe tí àìsàn pàjáwìrì bá mú ọmọ, kí wọ́n tó dé ọsibítù. Ládùúgbò wa, tá a bá ti rí ẹni tó gbé bébà àti bírò dání, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn la máa ń rò pé ó fẹ́ pín. Ìyá tó bá dáhùn dáadáa ló ń gba méjì. Mo sì múra láti dáhùn dáadáa.

"Àǹtí, nígbà tí gìrì mú ọmọ yín, kí lẹ kọ́kọ́ ṣe?"

"Mo gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀."

"Ẹ ò wá oògùn kankan nílé?"

"Rárá o."

"Ẹ ò fi nǹkan kan sí i lẹ́nu?"

"Èmi kẹ̀! Èmi tí mo ka ìwé mẹ́wàá!"

Ìyá ọkọ mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kò gbójú sókè. Òun ló ń bá mi mójú tó ọmọ tí mo bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Ibafo. Òun náà ló ti ṣíbí bọ ọmọ lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn, kó má baà gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ. Èmi ni mo di orí ọmọ mú. Ṣé kí n wá tú u fó lójú àlejò ni?

Àṣé ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, ń gbọ́. Ó lọ bá àlejò, ó la ẹnu, ó fi ìka sí àlàfo iwájú.

"Ṣíbí Màmá ló yọ ọ́."

Bírò dúró. Mo ń wá irọ́ kẹrin.

Ìyá ọkọ mi gbé ẹ̀wà sílẹ̀. "Kọ ọ́ síbẹ̀, ọmọ mi. Èmi ni. Tún kọ ọ́ pé àdín la kọ́kọ́ wá kiri ká tó wá ọlọ́kadà. Ìyàwó mi yìí ń bo àṣírí mi ni. Òpùrọ́ dáadáa ni."

Ọmọ yunifásítì náà rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ ṣeun. Gbogbo ilé tí mo ti wọ̀ láàárọ̀ yìí, ẹ̀yin nìkan lẹ ní ṣíbí."

Ó wá ṣàlàyé fún wa pé gìrì lè tún dé tí ara ọmọ bá tún gbóná. Ó ní ká má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, ká fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ká wo aago ká lè mọ iye ìṣẹ́jú tó lò, ká sì gbé e lọ sí ọsibítù. Màmá ní òun ò ní fi etí lásán gbọ́ ọ. Ó ní kí ọmọ dùbúlẹ̀ kó ṣe bí ẹni tí gìrì mú. Inú ọmọ dùn, ó ń ta bí ẹja. Lẹ́ẹ̀kíní, Màmá da ojú rẹ̀ bolẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ó fẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀ dáadáa.

"Ṣíbí ńkọ́, mà?" Àlejò ló bi í.

"Ọbẹ̀ ni mo fi ń bù báyìí."

Àlejò wa ò gbé nẹ́ẹ̀tì kankan wá o. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, ọkàn mi ń balẹ̀ tí mo bá wọkọ̀ lọ sí Ibafo.

Wàhálà tó kù ni pé tí ọmọ bá ti fẹ́ bisikíìtì báyìí, á ṣubú sórí ẹní, á máa gbọ̀n. Màmá kì í bínú. Á yí i sí ẹ̀gbẹ́, á mú fóònù, á wo aago.

"Ìṣẹ́jú kan ti lọ o. Tó bá fi lè pé méjì, ọsibítù ni, abẹ́rẹ́ sì ni."

Ọmọ á dìde.