Ọjọ́ Tí Màmá Àgbà Gun Orí Ìtàgé

Fáànù ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ síbi ìpàdé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, nínú gbọ̀ngàn àtijọ́ kan. Fáànù tó wà lókè orí mi ń ké kẹ̀rẹ̀kẹ́, kẹ̀rẹ̀kẹ́, bí arúgbó tó ń rún ẹ̀kúrọ́. Àwọn tó kù ń gbọ́ ọ̀rọ̀ alága. Èmi ti padà sí Ọ̀yọ́ tí mo dàgbà sí ní tèmi, mo ti di ọmọ ọdún mẹ́wàá, ojú sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, bí ooru bá mú yín, ẹ ó sanwó sinimá, ẹ ó lọ jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Nígbà tiwa, bí oṣù Ẹrẹ́nà bá dé, páànù orí ilé á gbóná débi pé alángbá gan-an kì í dúró pẹ́ lórí rẹ̀. Ibi tó tutù ládùúgbò wa kò ju méjì lọ: ìdí àmù Màmá Àgbà, níbi tí a kò gbọdọ̀ jókòó sí, àti gbọ̀ngàn ìlú tí ògiri rẹ̀ nípọn bí ọ̀rọ̀ àgbà, tí irú fáànù oníkẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn sì ń yí lókè rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ òṣèré bá ti wá ṣeré ọ̀sán níbẹ̀, gbogbo agboolé ni yóò tú jáde. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ràn àṣà. Irọ́ ni. Ooru ló ń lé wọn. Mo mọ bàbá kan tó máa ń sùn láti ìgbà tí wọ́n bá ti ṣí aṣọ ìkélé títí wọn ó fi pa á dé, tí yóò sì máa sọ fún wa lọ́nà ilé pé eré ọjọ́ náà lẹ́kọ̀ọ́ nínú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń wí yìí, Màmá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló mú mi lọ. Bọ̀dá Rájí télọ̀ àti Àṣàkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló jókòó síwájú wa. Inú agboolé kan náà ni gbogbo wa ń gbé, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ pé Bọ̀dá Rájí ń na Àṣàkẹ́. A máa ń gbọ́ ọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, Àṣàkẹ́ á ní ilẹ̀kùn ló gbá òun lójú, àwọn àgbà á sì ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya kò kan ẹni kẹta. Àìmọye ìgbà ni Màmá ti bá ọkùnrin náà wí. Á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, "Ẹ má bínú, Màmá, iṣẹ́ èṣù ni." Bó bá ṣe díẹ̀, ilẹ̀kùn yẹn á tún gbá Àṣàkẹ́. Ìyá rẹ̀ ti kú, bàbá rẹ̀ ti kú. Kò ní ilé tó lè sá lọ.

Eré bẹ̀rẹ̀. Ọkọ kan ti oko dé, kò bá oúnjẹ nílẹ̀. Ó fa ọmọ odó yọ, ó ń lé ìyàwó rẹ̀ yí ìtàgé ká. Ìyàwó ń yí gbirigbiri, ìró rẹ̀ ń tú, gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Bọ̀dá Rájí ń fọwọ́ lu itan: "Fún un dáadáa! Orí ẹ̀ ló le!" Àṣàkẹ́ náà ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu lásán ló fi ń rín in.

Ni Màmá bá dìde. Ó tú gèlè, ó fi gbàjá, ó kọrí sí ìtàgé.

"Ìyá, ẹ jókòó, eré ni o!"

"Ẹ bá wa mú ìyá yìí!"

"Ọmọ ta ló tiẹ̀ mú un wá?"

Ọmọ náà ti wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ibẹ̀ ni mo wà tí mò ń yọjú láàárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn, tí mo sì rí i bí Màmá ṣe gun àtẹ̀gùn, tó lọ dúró sáàárín ọkọ àti aya.

"Gbé ọmọ odó yẹn sílẹ̀."

Òṣèré náà mọṣẹ́ rẹ̀, ó fẹ́ fi ṣe àwàdà. "Ẹ yà fún mi jàre, ìyá ìyàwó! Ọbẹ̀ tó sè lánàá, ajá gan-an kọ̀ ọ́!" Gbọ̀ngàn tún hó gèè. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí wa.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ọmọ ta ni wọ́n ń nà yìí? Ṣé kò lẹ́nì kan ni? Tóò, èmi ni ẹni rẹ̀. Ẹni bá tún fọwọ́ kàn án, èmi ló fọwọ́ kàn."

Kì í ṣe òṣèré ló ń wò. Ibi tí Bọ̀dá Rájí jókòó sí ló ń wò. Ẹ̀rín gbẹ. Òṣèré náà gbé ọmọ odó sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún un, wọ́n sì fa aṣọ ìkélé.

Lọ́nà ilé, a di ẹlẹ́yà. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń sá tẹ̀lé wa: "Màmá Olùlàjà! Ẹ bá wa la tàwọn adìyẹ wa náà!" Mo jìnnà sí Màmá díẹ̀, kí ẹni tó bá ń wò lè rò pé n kò mọ̀ ọ́n rí. Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé ilé, mo fi ìbínú sọ fún un pé eré ni wọ́n ń ṣe.

"Àbí o rò pé mi ò mọ̀ ni? Mo rí wọn níbi tí wọ́n ti ń kun àtíkè lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Eré ni tiwọn. Ẹ̀rín tiyín ńkọ́?"

Ìtìjú tí mo ti ń rù kiri nítorí rẹ̀ bá yí ojú padà sí mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àṣàkẹ́ pọn ọmọ ọwọ́ rẹ̀, ó gbé ẹrù karí, ó wọlé tọ Màmá wá. "Ìyàwó, káàbọ̀," ni Màmá wí. "Gbé ẹrù ẹ sí ìdí ibùsùn mi." Bọ̀dá Rájí wá, ó dọ̀bálẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó tún lọ kó àwọn àgbà wá. Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síta, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ wọlé ré ẹsẹ̀ òun kọjá. Ta ni yóò jẹ́ ré ẹsẹ̀ arúgbó kọjá? Ọ̀dọ̀ wa ni Àṣàkẹ́ wà títí ó fi kọ́ṣẹ́ irun dídì, tó sì gba yàrá tirẹ̀.

Gbọ̀ngàn yẹn ti di ṣọ́ọ̀bù báyìí. Eré ti kó sínú fóònù, ooru sì ń le sí i lọ́dọọdún. N kò bá yín jà pé ẹ ń rẹ́rìn-ín; èmi náà ń rín. Ṣùgbọ́n bí a bá jókòó pọ̀ níbì kan, tí ẹ̀rín ńlá sọ, ojú ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ó ń ti mí lójú láti sọ ọ́: ìgbà mìíràn wà tí mo rí i pé ẹ̀rín náà kò dénú onítọ̀hún, tí n kò sì dìde.