Àmù Kan Láàárín Ìkòkò Jàpáànì

Mọ́kàndínlógún ni ìkòkò òdòdó tó wà ní pálọ̀ Adébọ̀wálé ní Ekurede-Urhobo, ní Warri, kò sì sí òdòdó nínú ẹyọ kan. Àwọn ará Jàpáànì ló ṣe gbogbo wọn, láyé àtijọ́. Àwọn kan funfun, wọ́n fi aró ya igi sí wọn lára. Àwọn kan pupa, góòlù yí wọn lọ́rùn ká. Àwọn kékeré wà lórí pákó lára ògiri, àwọn tó ga dúró nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ọmọ kankan ò gbọdọ̀ sáré wọ pálọ̀ yẹn. Láídé ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń nù wọ́n, láràárọ̀ Sátidé.

Ọmọ Èkìtì ni Adébọ̀wálé, ó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ níléeṣẹ́ epo kan. Owó epo ti ń ṣàn nígbà náà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra mọ́tò, wọ́n ń fẹ́ ìyàwó kejì. Ìkòkò lòun ń rà. Bí òyìnbó kan bá ń ta ẹrù rẹ̀ láti padà sílé, Adébọ̀wálé á ti dúró lẹ́nu géètì. Kò ní béèrè fíríìjì, kò ní béèrè fáànù. Ìkòkò ló máa béèrè. Bí àlejò bá wọlé tó ya ẹnu, oúnjẹ Adébọ̀wálé nìyẹn.

Ohun kan wà tí kì í sọ fún àlejò. Amọ̀kòkò ni ìyá tó bí i. Ìyá náà á bẹ̀rẹ̀, á máa fi ẹ̀yìn rìn yí ìkòkò ká, ọwọ́ nínú amọ̀, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀ tí kò nà mọ́. Òun nìkan ló rán ọmọ níwèé, bàbá ti kú. Ṣùgbọ́n ní Warri, "Màmá mi ń ṣòwò" ni Adébọ̀wálé máa ń wí.

Ọdún kejì tí ilé ìfọpo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ekpan, ìyá wá kí i. Ó gbé àmù kékeré kan lé itan láti Èkìtì, kò jẹ́ kí wọ́n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀.

"Ìgbẹ̀yìn nìyí," ó ní. "Ọwọ́ mi ò gbé iṣẹ́ yẹn mọ́. Ìwọ ni mo mọ ọ́n fún. Gbé e síbi tí wàá ti máa rí i."

"Ẹ ṣé, Màmá."

Adébọ̀wálé wo àmù, ó wo pálọ̀. Ó ní kí Láídé gbé e sẹ́yìn ilé ná. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, Láídé ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ sínú rẹ̀. Ìyá rí i.

Lọ́jọ́ Sunday, Babátúnjí tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ yà wọlé. Adébọ̀wálé mú un lọ wo ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní Airport Road. Ó ga dé ìbàdí èèyàn, ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn wà lára rẹ̀.

"This one don pass hundred years," ló wí. "Na big man house for Japan e comot."

"Chei! Wálé, you try!"

Ìyá dìde lórí àga. Ó fi oríkèé ìka kan ìkòkò náà. Bí amọ̀kòkò ṣe ń dán ìkòkò wò nìyẹn. Bó bá pé, á dún gooro. Èyí dún bí igbá fífọ́.

"Ọmọ mi, ó ti sán. Wọ́n dí i, wọ́n kun ọ̀dà lé e. Wọ́n ti rẹ́ ọ jẹ."

Babátúnjí bú sẹ́rìn-ín. "Mama sabi pot pass you o!"

Ojú Adébọ̀wálé pọ́n. "Láídé, bu omi wá!" Ó rọ omi kún ìkòkò náà, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. "Ó yá, ẹ jẹ́ ká wò ó."

Wọ́n ń wò ó. Babátúnjí ò tíì mu bíà dé ìdajì ìgò tí ikùn ẹyẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ọ̀dà ṣí. Omi gba àárín ẹsẹ̀ ẹyẹ méjèèjì, ó ń kán sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Wálé, your bird dey piss!"

"Màmá," Adébọ̀wálé ní, "ìkòkò ọbẹ̀ lẹ mọ̀. Kí ló kàn yín nínú nǹkan àwọn tó lajú?"

"Ìkòkò ọbẹ̀ náà ló rán ọ níwèé tó o fi lajú."

Babátúnjí gbé fìlà rẹ̀, ó jáde.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá ti di ẹrù. Láídé kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́.

"Dìde, ìyàwó mi. Ẹ̀gẹ́ rẹ ti rọ̀, lọ wò ó."

Bó ṣe lọ nìyẹn. Adébọ̀wálé ti ilẹ̀kùn pálọ̀, ó ń fi ìka kan àwọn ìkòkò tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Méje ló dún bí igbá fífọ́. Ó kọ ojú ibi tó sán sí ògiri, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní òun máa lọ bẹ ìyá òun ní Kérésì. Nígbà tí Kérésì dé, ó ní ó di Àjíǹde. Ìyá kú kí Àjíǹde tó dé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó wá inú ilé ìyá rẹ̀ bóyá á rí ìkòkò kan mú bọ̀. Kò rí. Ẹni tó ń mọ ìkòkò, àpáàdì ló fi ń jẹun. Ìyá ti ta gbogbo rẹ̀ tán látọjọ́ tí ọmọ ti wà níléèwé.

Nígbà tó dé Warri, kò tíì bọ́ bàtà tó fi lọ sẹ́yìn ilé. Àmù wà níbẹ̀, ó ń rùn fún ẹ̀gẹ́. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fi ìka kàn án. Ó dún gooro, dídún náà pẹ́ kó tó kú. Ó gbé e wọ pálọ̀, ó gbé e síbi tí ìkòkò ẹlẹ́yẹ wà tẹ́lẹ̀.

Oṣù yẹn náà ni ọ̀gá tuntun dé ibiṣẹ́ wọn láti Èkó, Adégbénró lórúkọ rẹ̀. Ó wá jẹun. Ó ń wo ìkòkò kiri, ó dé ọ̀dọ̀ àmù, ó dúró.

"Èyí yàtọ̀ o. Àní ó dára ju gbogbo wọn lọ. Níbo ló ti wá?"

Láídé ń gbé ọbẹ̀ bọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Adébọ̀wálé ya ẹnu, ó pa á dé, ó tún yà á.

"Jàpáànì náà ni, sà."

Láídé gbé ọbẹ̀ kalẹ̀, ó padà sí ilé ìdáná. Nígbà tó di Sátidé, kò nu ìkòkò. Kò sì nù wọ́n mọ́.