Ìpè Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Gbà Gbọ́

Ọpẹ́ mi kò ní tán lọ́dọ̀ Ọlọ́run Ọba, ẹni tó fún mi ní ìyá rere, tó sì dá mi sí láti ròyìn rẹ̀.

Bí òórùn gaàrí yíyan bá ti kàn mí nímú, ilé ìyá wa ní Ìgànná, níbi tó ti máa ń yan gaàrí, ni ọkàn mi máa ń lọ, àti àkókò burúkú tí olè gba orúkọ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó gba láìnì fóònù mi, ó wọ wasaapu mi, ó ń sọ fáwọn ènìyàn pé ọ̀kadà gbá mi, mo wà ní ọsibítù. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé Ṣakí fowó ránṣẹ́, ó tún gbààwẹ̀ fún mi.

Gbogbo ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ni mo ṣe. Mo ní kí wọ́n ti láìnì náà pa, mo sọ fún báńkì, mo fẹjọ́ sun ọlọ́pàá. Mo tún wọkọ̀ lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, "Títí n ó fi gba láìnì mi padà, ẹni yòówù tó bá forúkọ mi pè yín, ẹ pa fóònù mọ́ ọn létí. Kódà bí ohùn rẹ̀ bá jọ tèmi."

Kò pẹ́ sígbà náà, ìyá wa dákẹ́ lẹ́yìn ìrun àsùbá. Mo yá fóònù aládùúgbò, mo pe Ṣakí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni. Màámi ti lọ."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Olè! Ó tiẹ̀ ń sín àbúrò mi jẹ! Ṣé ìyá tó bí mi lo tún fẹ́ fi jẹun?"

Alfa wa gba fóònù, ó ń búra. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ mà pọ̀ nídìí iṣẹ́ yín o," ó sì pa á. A rán awakọ̀ kan tí ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ lójú lọ gbé e, ṣùgbọ́n òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Nígbà tó fi dé, a ti kírun sí ìyá wa lára, a ti bo sàréè.

Ó wò mí. "Ṣé ìwọ lo pè mí lóòótọ́?"

"Èmi ni o."

Kò sunkún. Ó kúnlẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ iyẹ̀pẹ̀ náà, bí ẹni ń tẹ́ ibùsùn.

Mo gba láìnì mi padà. Mo mọ̀ pé Ọlọ́run kì í ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ yìí kò tíì fi mí sílẹ̀. Títí dòní, bí mo bá pe ẹ̀gbọ́n mi, kó tó kí mi, á kọ́kọ́ bi mí ní orúkọ tí ìyá wa fi máa ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ní kékeré. N ó dá a lóhùn. Irú ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ti wà láàárín wa tẹ́lẹ̀. Ẹ lọ wá tiyín lónìí.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ohùn yín di àjèjì létí àwọn ará ilé yín. Àmín.