Bàbá Tó Ń Ṣọ́ Ọkọ̀ Wa ní Hanoukopé

Títí di òní, tí mo bá páàkì tán, mo ṣì máa ń rántí bàbá ọlọ́dẹ ibi iṣẹ́ wa ní àdúgbò Hanoukopé, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Faransé. Á fọwọ́ lu ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, á ní, “Bọ́njúù, rọra sinmi,” kó tó wá kí àwa tá a ni ín. Tá a bá ń jà sí àyè abẹ́ igi máńgòrò, kì í pariwo. Á kàn ní, “Ilẹ̀ ń gbọ́ yín o.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, èmi àti ọ̀gbẹ́ni kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń bára wa du àyè náà. Bàbá ní ká fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi yí ọkọ̀ mi padà, àmọ́ ọ̀gbẹ́ni náà kọ̀, ó páàkì síbẹ̀.

Lọ́sàn-án, ó ń sùn nínú ọkọ̀ náà bó ṣe máa ń ṣe, ni Bàbá bá lọ jí i.

“Mùsíọ̀, ẹnìkan ń béèrè yín ní géètì.”

Ọ̀gbẹ́ni náà lọ síbẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni. Kó tó yíjú padà, ẹ̀ka ńlá kan dá, ó fọ́ òrùlé ọkọ̀ náà mọ́ àga tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, atẹ́gùn kankan ò fẹ́.

Mo bi Bàbá bó ṣe mọ̀. Ó wò mí tìyanutìyanu.

“Igi náà ti ń ké láti àárọ̀, màdáàmù. Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?”