Ìlà Tó Dá Dúró

Ìyá Máàpù là ń pè é ní ọ́fíìsì wa, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò bímọ kankan. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi jókòó sídìí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, èmi sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ wa kò ṣòroó ṣàlàyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ẹbí wa rò pé aríran ni wá. A ri irin mọ́lẹ̀ káàkiri, sátẹ́láìtì ń sọ bí irin kọ̀ọ̀kan ṣe ń sún lọ́dọọdún, kọ̀ǹpútà á wá ṣírò bí àpáta abẹ́ ilẹ̀ ṣe ń yọ̀ níbi tó ti là. A máa ń fa ìlà síbẹ̀ lórí máàpù. Ibi tó bá há, tí kò yọ̀, agbára á máa kóra jọ síbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mì.

Kọ̀ǹpútà wa lágídí. Ó pín ilẹ̀ bíi táìlì, ìlà kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ kan òmíràn lórí àti nídìí. Èyí tó bá dá dúró, kò mọ ohun tí yóò fi ṣe. Àṣà wa ni pé ká pa irú ẹ̀ rẹ́, ká sì pín ìyọ̀ rẹ̀ fún àwọn ìlà aládùúgbò. Ìyá Máàpù pa ọ̀kan rẹ́ bẹ́ẹ̀. Ojú mi ló ṣe. Mo tilẹ̀ ní, "Ẹ yọ ọ́ jàre, àpọ́n ni." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, káfíńtà, ra ilé kan lágbègbè ìlà náà. Ó fẹ́ sọ ọ́ di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ló bá pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ilẹ̀ ibí á lè gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì?"

Ìyá Máàpù wo máàpù tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. "Kò sí nǹkan níbẹ̀. Máa kọ́ ọ lọ."

Ilẹ̀ mì lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, kò ju ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá lọ. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ń ká aṣọ nísàlẹ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wó lù ú, ó sì kú.

Lọ́sẹ̀ kejì, Ìyá Máàpù padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ní, "Ẹ kú ìrójú." Ó ní, "Ẹ ṣé," àfi bí ẹni pé mo na bírò sí i. Kò sunkún. Bí wọ́n bá ní kó jẹun, á jẹ. Inú bí mi sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rù gan-an ló ń bà mí: bó bá sunkún, màá rántí ẹ̀rín mi.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó dá ìlà náà padà. Ó gé e wẹ́wẹ́, ó jẹ́ kí ìyọ̀ pọ̀ láàárín, kó sì máa dín kù títí yóò fi tán lórí àti nídìí, kí kọ̀ǹpútà má baà wá ibi tí yóò so ó mọ́. Kọ̀ǹpútà gbà láìjanpata. Ó fi hàn pé ìyọ̀ mìlímítà mẹ́ta lọ́dún ló há, tó ti ń kóra jọ síbẹ̀.

"Ọ̀sán kan péré ló gbà," ó wí. Kò wojú mi.

Ọ̀gá wa ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ ìlà yẹn síta kí ìwádìí lórí ilé tó wó náà tó parí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni àbúrò rẹ̀ pè. Ìyá Máàpù gbé fóònù sórí tábìlì, gbogbo wa sì ń gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bíríkìlà ti bẹ̀rẹ̀ o. Àwọn ọmọ ò fẹ́ kúrò níbi tí ìyá wọn gbé. Ṣé kí n tún un kọ́?"

Mo mi orí sí i pé kó má ṣàlàyé. "Dúró ná" lásán ti tó láti sọ.

"Má kọ́ ọ," ó wí. "Àpáta là lábẹ́ ilé yẹn. Mo ti rí i kó o tó débẹ̀. Èmi ni mo pa á rẹ́ lórí máàpù, torí pé kò bá ìṣirò wa mu."

A gbọ́ ṣọ́bìrì tó ń po sìmẹ́ńtì. A gbọ́ tí àbúrò rẹ̀ ní, "Ẹ dáwọ́ dúró." Ṣọ́bìrì dákẹ́. Àbúrò rẹ̀ padà sórí fóònù.

"Ẹ ṣé, mà," ló wí, bí ẹni ń bá akọ̀wé ìjọba sọ̀rọ̀. Láti kékeré, kò pè é ní mà rí.