Wákàtí Kan Péré fún Ìyá Mi

Ibi tí mo ti ń dúró de bọ́ọ̀sì lẹ́bàá sítéṣọ̀n Barking nílùú òyìnbó ni wọ́n ti kí mi kú ìnáwó ìyá mi. Ará ìlú wa kan ni, mi ò rí i láti bí ọdún mẹ́ta. Ó dì mọ́ mi, ó ní, "Ẹ kú ìnáwó Màmá o. Ẹ̀yìn wọn á dáa." Mo ní, "Màmá wo?" Ojú ẹ̀ yí padà bìrí. Ó ní bọ́ọ̀sì òun ti dé. Irọ́ ni, bọ́ọ̀sì kankan ò dé.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lójú ẹsẹ̀. Rush Green ló ń gbé, bọ́ọ̀sì kan péré ló dé ilé ẹ̀ láti ilé mi. Ó bú sẹ́kún. Òótọ́ ni. Ìyá wa ti kú, ó ti lé ní oṣù méjì. Nígbà tó sọ fún mi pé ibi iṣẹ́ òun rán òun lọ sí Manchester fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ilé ló fò lọ. Òun ló tọ́jú Màmá títí wọ́n fi kú, òun ló sin wọ́n. Láti ìgbà náà, gbogbo ìgbà tí mo bá ní kí àwọn ará ilé gbé fóònù fún Màmá, wọ́n á ní wọ́n ti sùn. Háà! Odindi ìdílé!

Ẹ má sọ fún mi pé àṣà wa ni. Mo mọ̀ pé àṣà wa ni. Wọn kì í sọ fún ọmọ tó wà lókè òkun, kí ọkàn ẹ̀ má bàa dàrú. Ẹ̀gbọ́n mi sọ pé ìwé ìgbélùú mi ṣì wà lọ́dọ̀ ìjọba, pé bí mo bá gbọ́, mo máa fò lọ, wọn ò sì ní jẹ́ kí n wọlé mọ́. Ta ló ní kó bá mi rò ó? Ṣé ọmọ ọwọ́ ni mí ni?

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ sọ́dọ̀ bàbá kan ní Goresbrook, rábì ni, àlùfáà àwọn Júù. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó sì ń dá gbé. Mo mọ òfin ilé ìdáná ẹ̀ bí ẹni mọ orúkọ ara ẹ̀: ìkòkò ẹran lọ́tọ̀, ìkòkò wàrà lọ́tọ̀, wọn ò gbọdọ̀ pàdé láéláé. Ọdún méjì, mi ò ṣì í rí. Láàárọ̀ yẹn, mo da adìẹ sínú ìkòkò wàrà. Bàbá ti dé ẹ̀yìn mi kí n tó mọ ohun tí mo ṣe. Mo yíjú sí i, mo ní, "Bàbá, ẹ pariwo tẹ́ ẹ bá fẹ́ pariwo. Ìyá mi ti kú láti oṣù méjì, àná ni mo gbọ́."

Kò pariwo. Ó pa iná gáàsì. Ó ní nínú òfin àwọn, ẹni tó bá gbọ́ ikú òbí ẹ̀ kí ọgbọ̀n ọjọ́ tó pé, ọjọ́ méje ló máa fi jókòó ṣọ̀fọ̀. Bó bá ti kọjá ọgbọ̀n ọjọ́, wákàtí kan péré ni. Ó ní, "Òfin wa kò dè ọ́, ṣùgbọ́n ìyá ni ìyá."

Inú bí mi. Wákàtí kan? Obìnrin tó gbé mi pọ̀n láti oko dé ilé, wákàtí kan? Bàbá ò bá mi jiyàn. Ó wọ́ àga kúkúrú kan jáde lábẹ́ àtẹ̀gùn, ó ní orí ẹ̀ lòun jókòó sí nígbà tí ìyàwó òun kú. Ó fi táwẹ́ẹ̀lì bo dígí, bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé ọ̀fọ̀. Ó ní kí n bọ́ bàtà. Ó wá jókòó síwájú mi, ó panu mọ́. Àṣà wọn ni pé ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀ kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ àfi bí ọlọ́fọ̀ bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bàbá tó lè fi ìṣẹ́jú ogún wàásù lórí àlùbọ́sà! Ọ́fíìsì pè mí, mi ò gbé e. Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo bú ẹ̀gbọ́n mi, mo bú gbogbo ará ilé wa, mo sunkún títí imú mi fi dí.

Ó wá béèrè pé, "Báwo ló ṣe kú?" Mi ò mọ̀. "Kí ló ń sọ nígbà tó kù díẹ̀ kó kú?" Mi ò mọ̀. Ó ní, "Lọ bi ẹni tó mọ̀."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ̀gbọ́n mi rán àgbà ìjọ wa mẹ́ta sí mi, tàwọn ti sùtánà funfun wọn. Wọ́n ní kí n jẹ́ kó tán síbẹ̀. Ọ̀kan ní, "Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tún ìlú ṣe." Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá, èmi wá ni òṣìkà?" Kò sí ẹni tó bi mí bóyá mo tiẹ̀ mọ ohun tó pa ìyá mi. Mo ṣílẹ̀kùn fún wọn pé kí wọ́n máa lọ. Mo wọ bàtà, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Rush Green.

Ẹ̀gbọ́n mi rí mi, ó kúnlẹ̀. Ẹni tó fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ! Èmi tí mi ò sọ "o" sí i rí láyé mi, mo ní, "Dìde. Mi ò wá gba ẹ̀bẹ̀. Sọ bí ìyá mi ṣe kú fún mi, má sì fo ọ̀kankan."

Ó sọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, apá òsì wọn rọ. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń béèrè mi. Ó ní, "Mo sọ fún wọn pé o ti wọ ọkọ̀ òfurufú, pé o wà lọ́nà. Wọ́n ní ká má ti ilẹ̀kùn o, kó o lè rí ọ̀nà wọlé. Ọjọ́ mẹ́rin ni ilẹ̀kùn yẹn fi wà ní ṣíṣí."

Irọ́ tó pa fún mi ni mo torí ẹ̀ wá bá a jà. Mi ò mọ̀ pé ó pa òmíràn fún ìyá mi, pé ibi tí wọ́n ti ń retí mi ni wọ́n kú sí. Ọwọ́ mi ti ga sókè kí n gbá a létí. Mo rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Mo ní, "Ta ló wá ti ilẹ̀kùn náà?"

Ó ní, "Èmi ni. Lẹ́yìn tí wọ́n gbé Màmá jáde."